Orí Kẹfà: Ta Ló Ni Ilẹ̀ Àpápá? Ìtàn Àwọn Ajìjàgbara àti Àtúnyẹ̀wò Rẹ̀ ní Èkó

Ìtàn tí àwọn ajìjàgbara ń sọ nípa Èkó kò bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹjọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ kan báyìí ní Àpápá. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ti ṣe ní 1903. Wọ́n sọ fún Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdéjọ tí wọ́n ni ilẹ̀ ní Èkó, pé owó tí àwọn máa san kò ní tó iye tí ilẹ̀ náà tó, nítorí kì í ṣe òun ló ni ín. Ẹ̀tọ́ olórí tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní. Adájọ́ àgbà ní Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà sì gbè sẹ́yìn adájọ́ àgbà. Ni ẹjọ́ bá kọjá òkun, ó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Viscount Haldane ti ka ìdájọ́ ní oṣù Keje 1921. Ó ní ìwé àdéhùn tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀. Ó ní àwùjọ tí Olúwa ń ṣe olórí fún ló ni ilẹ̀ Àpápá, àti pé ẹ̀tọ́ àwùjọ náà lódindi ni owó gbà-má-bínú gbọ́dọ̀ bá mu. Lórí ẹjọ́ yìí ni a ó ti gbéra nínú orí yìí, torí pé ó fi ohun kan hàn tí àwọn tó ń yin ìtàn ajìjàgbara àti àwọn tó ń bú u máa ń gbàgbé: ẹ̀rí ni ìtàn náà fi borí, kì í ṣe ìgbéraga. Bí ẹ̀rí bá sì ni agbára rẹ̀, ẹ̀rí náà la gbọ́dọ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò, títí kan ibi tí kò ti dùn mọ́ wa.

Kí á tó mọ ohun tí àwọn ajìjàgbara tún ṣe, ó yẹ kí á mọ ìtàn tí wọ́n bá nílẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ṣe ń sọ ọ́ nìyí: Èkó jẹ́ ibùdó òwò ẹrú lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́, ẹni tó lé àbúrò bàbá rẹ̀, Akítóyè, kúrò lórí ìtẹ́ ní 1845. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, ó sì bẹ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n gba òun. Ó ṣèlérí pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù Kọkànlá 1851, John Beecroft, tí í ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ ogun wọ ọ̀sà, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n tún padà dé, wọ́n fi àgbá fọ́ ìlú, iná jó apá kan Èkó, Kòsọ́kọ́ sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Akítóyè padà sórí ìtẹ́, ó fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852. Ó kú ní 1853, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùmú fi Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Nínú ìtàn yìí, àánú ló gbé Gẹ̀ẹ́sì wá, òmìnira àwọn ẹrú ló sì jẹ́ èrè rẹ̀. Kò sí ibi tí òwò epo pupa ti jẹ yọ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìwé àdéhùn 1861 náà dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí so mọ́. Ìwé kékeré ni. Apá kìíní rẹ̀ sọ pé Dòsùmú, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ rẹ̀, fi èbúté àti erékùṣù Èkó pẹ̀lú ohun gbogbo tó rọ̀ mọ́ ọn sílẹ̀ fún Ọbabìnrin. Apá kejì gbà á láyè kó máa jẹ́ oyè ọba lọ, kó sì máa parí aáwọ̀ láàárín àwọn ọmọ ìlú bí àwọn méjèèjì tó ń jà bá gbà, àmọ́ ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gba ọ̀dọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì lọ. Apá kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òǹtẹ̀ Dòsùmú lórí ìwé ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà, àti pé yóò máa lo òǹtẹ̀ ọ̀hún bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ó wá ku owó ìfẹ̀yìntì tí wọn yóò máa san fún ọba, èyí tí wọ́n padà fi sí 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún nínú àfikún tí wọ́n ṣe ní 1862. Ọba àti ìjòyè mẹ́rin ló fi àmì gbélẹ̀bú síbẹ̀, torí wọn kò mọ̀wé kọ. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi lẹ́bàá ìlú ní ọjọ́ náà, kò sì pẹ́ rárá tí Dòsùmú fi kọ̀wé ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin pé tipátipá ni wọ́n fi mú òun. Ẹni tó bá ka apá kẹta náà tán yóò bi ara rẹ̀ pé: bí gbogbo ilẹ̀ bá ti di ti Ọbabìnrin lójú ẹsẹ̀, kí ni Dòsùmú tún ń fi òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí sí?

Irú ìbéèrè yìí ni Herbert Macaulay gbé dé Lọ́ńdọ̀nù. Òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló gba àárín Yábàá kọjá, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Àkọkà tàbí Yaba Tech ló sì mọ orúkọ náà ju iṣẹ́ tí ó ṣe lọ. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní Plymouth, ó sì mọ ìwé ilẹ̀ kà dáadáa. Ní 1920, ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó nígbà náà, dání. Ní 1921, ó tẹ ìwé pélébé kan jáde níbẹ̀ lórí gbèsè ẹ̀tọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ ìdílé Dòsùmú. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fara balẹ̀ kọ́. Kò pariwo pé Gẹ̀ẹ́sì burú. Ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kọ ló mú, ó fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bi wọ́n léèrè, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn àgbà Èkó mọ̀ nípa ìlú wọn: pé àwọn Ìdéjọ, tí wọ́n jẹ́ ìran Olófin, ló ni ilẹ̀, àti pé ọba tí ìran rẹ̀ ti Bìní wá kì í fi ilẹ̀ onílẹ̀ tọrẹ. Ẹni tí kò ni nǹkan kò lè fi í fún ẹlòmíràn. Lórí kókó yìí ni ìtàn amúnisìn ti ṣubú ní ilé ẹjọ́ àwọn amúnisìn fúnra wọn.

Àmọ́ níbi tí Macaulay ti fi ẹ̀rí sílẹ̀, ó rí àbájáde rẹ̀. Ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e jáde pé ó fi Elékòó hàn bí ẹni tí gbogbo Nàìjíríà ń wárí fún. Kò sí ọba Èkó kan tó tó bẹ́ẹ̀ rí, ìjọba sì rí ohun tí wọn yóò dì mú. Wọ́n ní kí Elékòó sọ fún aráyé pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́. Ó kọ̀, wọ́n gba owó oṣù rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó tó 1931 kó tó padà sí Èkó, lẹ́yìn tí ẹjọ́ tirẹ̀ náà ti dé Privy Council. Ohun mìíràn tún wà tí kò yéni tó nínú ìtàn tí Macaulay sọ. Ó ń jà pé wọ́n gba ohun ìní ìdílé Dòsùmú, ó sì ń jà pé Dòsùmú kò ní ilẹ̀ láti fi sílẹ̀. Èèyàn lè gba méjèèjì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá ya ẹ̀tọ́ sí owó orí ọjà àti ìṣàkóso sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìpolongo òṣèlú, wọ́n sábà máa ń da méjèèjì pọ̀, ìyẹn sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò títí di òní pé ọba nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì jà lólè.

Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà ni ìtàn yìí wọ yunifásítì. Kenneth Dike tẹ ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹnu odò Ọya jáde ní 1956, Sàbúrì Bíòbákú tẹ tirẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá jáde ní 1957. Àwọn méjèèjì fi hàn pé a lè fi ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé àkọsílẹ̀ papọ̀ kọ ìtàn ilẹ̀ wa láti inú wá. Ó sì pọn dandan nígbà náà. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, ṣì ń sọ ní gbangba pé kò sí ìtàn Áfíríkà kan láti kọ́ni yàtọ̀ sí ti àwọn Òyìnbó tó wá síbẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní Yábàá. Bíòbákú di ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní 1965, J. F. Adé Àjàyí sì gba ipò náà ní 1972, kó tó kúrò níbẹ̀ ní 1978. Àjàyí yìí ló kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Nigeria Magazine ní 1961, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn àdéhùn Dòsùmú, tó fi tún ìtàn 1851 yẹ̀ wò. Ó ní kì í ṣe àánú ẹrú nìkan ló gbé Gẹ̀ẹ́sì wá: wọ́n fẹ́ gba ìṣàkóso òwò Èkó tí àwọn oníṣòwò Potogí àti Bùràsíìlì ti dì mú, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ rí ọ̀nà dé ilẹ̀ tó nà lọ sí odò Ọya. Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú lóòótọ́. Akítóyè náà ti tà á rí, òun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé padà sórí ìtẹ́. Bí òwò ẹrú bá ni ẹ̀ṣẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ẹnì kan fi rí ìjìyà gbà tí ẹnì kejì sì rí adé.

Àríyànjiyàn yìí kò mọ sí Èkó. Ní 1944, Eric Williams, tó padà di olórí ìjọba Trinidad, tẹ ìwé jáde pé èrè òwò ẹrú wà lára ohun tó gbé ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìde, àti pé ìgbà tí èrè náà ń dínkù ni wọ́n ráyè fòpin sí i. Ní 1977, Seymour Drescher kó ìwé òwò àti iye owó jọ láti fi hàn pé òwò náà ṣì ń mú èrè wá nígbà tí wọ́n fi òfin dè é ní 1807. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé ọ̀rọ̀ méjèèjì lórí. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò borí nípa pé ọmọ ibí báyìí ni. Williams mú kí ayé béèrè ìbéèrè tí wọn kò béèrè rí. Drescher mú kí wọ́n ka owó náà dáadáa. Iṣẹ́ méjèèjì la nílò, bí ti Drescher bá sì mú kí á yí apá kan ọ̀rọ̀ Williams padà, ìyẹn kò sọ Williams di òpùrọ́.

Ní Èkó pàápàá, àwọn tó wá lẹ́yìn Àjàyí ti tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Robert Smith, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní 1978 lórí ọdún mẹ́wàá tí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì fi jókòó sí Èkó kí wọ́n tó gbà á tán, ó sì fi hàn pé ìdí tí wọ́n fi wá pọ̀, ó sì lọ́jú pọ̀. Ní 1980, A. G. Hopkins mú ọ̀rọ̀ ohun ìní wá: àwọn oníṣòwò fẹ́ ibi tí gbèsè ti ṣeé gbà, tí ilẹ̀ àti ilé sì ṣeé fi dúró fún owó. Èyí tó wọni lọ́kàn jù ni ti Kristin Mann, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹrú àti ìdàgbàsókè Èkó jáde ní 2007. Ó wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí àwọn tí kò sí ẹni tó kọ ìtàn wọn ti dúró níwájú adájọ́ tí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ohun tí ó rí kò dùn mọ́ ìtàn amúnisìn, kò sì dùn mọ́ ìtàn ajìjàgbara. Òwò epo pupa tó rọ́pò òwò ẹrú kò dá ẹrú sílẹ̀. Ó mú kí àwọn ènìyàn ńlá Èkó nílò ẹrú púpọ̀ sí i láti ru epo, láti wa ọkọ̀ ojú omi, láti ro oko. Nígbà tí ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà sá lọ, ilẹ̀ àti ilé ni àwọn ọ̀gá fi so wọ́n mọ́lẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ibi tí yóò sùn gbọ́dọ̀ máa sin ẹni tó ni ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ dé orí ìtàn Kòsọ́kọ́ tí a fẹ́ràn láti máa yìn. Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè láti padà sí Èkó ní 1862. Olórí ogun rẹ̀, Oṣòdì Tápà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nupe tí òwò ẹrú gbé dé Èkó, bá a padà, ó sì tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Nínú àwọn agboolé tó kọ́ síbẹ̀ ni àwọn arọ́tà ń gbé, ìyẹn àwọn tó jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ ẹrú nínú ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ Oṣòdì àti àwọn ọmọ arọ́tà jà lórí ẹni tó ni àwọn agboolé náà, ẹjọ́ wọn dé Privy Council ní 1936. Ìjọba ní láti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ Èkó, nígbà tó sì di 1947, wọ́n ṣe òfin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan: ọ̀kan lórí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọ̀kan lórí ilẹ̀ tí Gómìnà Glover pín fún àwọn Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èbúté Mẹ́ta lẹ́yìn Ìfọ́lé 1867, ìyẹn rògbòdìyàn tó lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan lórí ìwé ilẹ̀ Ọbabìnrin, ìkẹrin sì dárúkọ àwọn arọ́tà gan-an nínú àkọlé rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wé ìdájọ́ 1921. Nínú ìdájọ́ náà, Haldane gba ohun tí wọ́n sọ fún un gbọ́, pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ilẹ̀ ti jẹ́ ti àwùjọ àti ti ìdílé, pé ẹnì kan ṣoṣo kì í ni ín. Ìtàn yẹn wúlò, ó gba Olúwa lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1850 ni Akítóyè àti Dòsùmú ti ń fún àwọn oníṣòwò Òyìnbó, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà àti àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé, tí wọ́n sì ń tà á tí wọ́n ń rà á. Nínú àwùjọ tí wọ́n ní ó ni ilẹ̀ náà pẹ̀lú, àwọn kan wà tí wọn kò lẹ́nu nínú rẹ̀ rárá, torí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹrú. Ìtàn tó ṣẹ́gun ìjọba ní Àpápá bo àwọn wọ̀nyí mọ́lẹ̀.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó wúwo. Àwọn kan á ní bí a bá ń sọ pé àwọn baba wa ta ẹrú tí wọ́n sì ni ẹrú, ọ̀tá la ń gbé idà fún. Àwọn tó ń wí pé amúnisìn ṣe wá lóore ni yóò kọ́kọ́ gbá a mú. Lóòótọ́, wọ́n ń gbá a mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ẹ̀rí náà gbé wa dé bí a bá tẹ̀ lé e dé òpin. Lẹ́yìn 1861, Èkó ti di ilẹ̀ Ọbabìnrin, níbi tí òfin kò gba ẹrú láyè. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò fi òfin náà múlẹ̀ tọkàntọkàn; wọn kò fẹ́ bí àwọn oníṣòwò àti àwọn ìjòyè nínú, wọ́n sì ń fojú fò ó. Glover kó àwọn Hausa tó sá kúrò lóko ẹrú, ó fi wọ́n ṣe ọlọ́pàá àti ọmọ ogun tirẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹrú mìíràn ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn nítòsí ilé ìjọba. Ìtàn pé àánú ẹrú ló gbé Gẹ̀ẹ́sì wá kò lè dúró níwájú èyí. Ìdáhùn tó lágbára jù sí ìtàn amúnisìn wà nínú ẹ̀rí tí àwọn kan fẹ́ kí á pa mọ́. Ẹ̀bi kì í sì í ṣe oúnjẹ tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá bu tirẹ̀, ti ẹnì kejì yóò dínkù: Kòsọ́kọ́ ta ẹrú, Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ ìlú ènìyàn, kò sí èyí tó fọ èkejì mọ́.

Àtakò kejì yàtọ̀. Ó ní gbogbo ìtàn ni òṣèlú, gbogbo òpìtàn ló ní ibi tó ń gbè sí, nítorí náà kí olúkúlùkù kúkú mú èyí tó wúlò fún ẹ̀yà rẹ̀. Mo kọ èyí pátápátá. Òótọ́ ni pé òpìtàn ní ibi tó ń gbè sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ ẹni tí ń yí ẹ̀rí po yàtọ̀ sí ẹni tí ń tún ẹ̀rí kà. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1996, David Irving pe Deborah Lipstadt lẹ́jọ́ torí ó kọ ọ́ pé Irving ń sẹ́ ìpakúpa tí Hitler pa àwọn Júù. Ilé ẹjọ́ tú ìwé Irving wò ní ojú ewé dé ojú ewé, nínú ìdájọ́ tó jáde ní oṣù Kẹrin 2000 wọ́n bá a pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń yí ìwé àkọsílẹ̀ po, ó ń gé ọ̀rọ̀ kúrò, apá ibì kan ṣoṣo ni gbogbo àṣìṣe rẹ̀ sì ń fì sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba àwọn Òyìnbó Rhodesia ṣe fẹ́ kí ayé gbà pé àlejò láti ibòmíràn ló kọ́ Great Zimbabwe, bẹ́ẹ̀ Gertrude Caton-Thompson ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1929, ó sì rí i pé àwọn ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ. Peter Garlake, awalẹ̀pìtàn tó dúró lórí òtítọ́ yìí, ní láti kúrò ní orílẹ̀-èdè náà ní 1970. Ohun tí Irving àti ìjọba Rhodesia ṣe kì í ṣe àtúnyẹ̀wò ìtàn, bó ti wù kí wọ́n pè é. Ẹ̀rí tuntun ni Mann fi yí ìtàn Èkó padà, ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè lọ kà.

Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa gan-an ti ní ìlànà kan tí ó ràn wá lọ́wọ́ níbí. Nínú ẹjọ́ kan tó ti Gold Coast dé Privy Council ní 1957, Kojo II àti Bonsie, ìdílé méjì sọ ìtàn méjì tó ta kora nípa ilẹ̀ kan. Ìdájọ́ náà ni pé bí ẹlẹ́rìí ṣe dúró tàbí bó ṣe sọ̀rọ̀ kò lè sọ fún adájọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́, nítorí pé ẹni tó ń sọ ohun tí baba rẹ̀ sọ fún un lè gbà á gbọ́ tọkàntọkàn kó sì ṣì í. Kí adájọ́ fi ìtàn méjèèjì wé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tí ojú rí: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ló kọ́lé síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró. Àwọn adájọ́ Nàìjíríà ń lo ìlànà yìí títí di òní nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ó sì dára fún ìwé ìtàn. Ìtàn pé ti Mẹ́kà ni Yorùbá ti wá, tí Samuel Johnson gbà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àti ìtàn pé ti Íjíbítì ni ẹ̀sìn wa ti wá, tí J. Olúmídé Lucas kọ ní 1948, wọ́n dùn mọ́ àwọn tó gbà wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbé orí ìran sókè lójú àwọn tó ń fi wá ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ Ifẹ̀, àwọn orí idẹ àti amọ̀ àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, kò darí wa sí Mẹ́kà tàbí Íjíbítì. Ilẹ̀ wa níbí ni ó darí wa sí, kò sì sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìyẹn.

Àwọn kan tún bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn ajìjàgbara láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ní 1981, Arnold Temu àti Bonaventure Swai kọ̀wé pé àwọn òpìtàn Áfíríkà ti sọ ìtàn di ìtàn ọba, ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé, tí tálákà kò sí nínú rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn ní ìwọ̀nba, pàápàá lórí Mainland. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àárín Èkó kí ìlú lè gún régé, wọ́n kó àwọn kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jẹ́ mínísítà nígbà náà, iṣẹ́ náà sì wọ inú ìtàn ìlọsíwájú tí wọ́n ń sọ bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé. Peter Marris bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀ nílé, ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1961: owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀ jù, àwọn obìnrin oníṣòwò jìnnà sí àwọn oníbàárà wọn, àwọn ẹbí tó ń gbé agboolé kan náà fọ́n káàkiri. Ohun tí ìjọba wí fún wọn ni pé iṣẹ́ ìlú ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n wí fún Olúwa ní 1913, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò ní Macaulay tó máa bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá fẹ́ kọ ìtàn Múṣin, tí òun náà wà lórí Mainland, bẹ́ẹ̀, inú ìwé ìjọba nìkan kọ́ la ó ti rí i. A ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ awakọ̀, ilé ìjọsìn àti àwọn ìdílé tí wọ́n tọ́jú ìwé ilẹ̀ wọn sínú àpótí.

Ibi tí ẹ̀rí wà ṣe pàtàkì gan-an, ó sì ń dínkù. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìwọ́de EndSARS, iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó tó wà ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni arọ́tà àti ọmọ ẹrú ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ìwé Beecroft àti ti àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀ lé e ṣì wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè tí Dike ṣètò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n sìn ní agboolé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tàbí ti àwọn tí Glover fún ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, gbọ́dọ̀ wá ẹ̀dà tí lọ́yà àti ìdílé kọ̀ọ̀kan fi pa mọ́, kó sì dà á kọ nísinsìnyí tí àwọn tó mọ ìwé náà ṣì wà láàyè.